Alájọ Kì í Fo Ilé

Bísọ́lá, kọ ọ́ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Tí mo bá sọ ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín, rín ẹ̀rín náà tán kí o tó kọ ọ́, kí ọwọ́ rẹ má baà gbọ̀n.

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ eléyìí o, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa kà á. Èmi ò mọ̀wé. Wọ́n ní ẹ wà níbi tí ẹ ti ń rò ó pé, iṣẹ́ wo ni kí n ṣe, iṣẹ́ wo ni kí n fi sílẹ̀. Wọ́n ní kí àwa tí a ti ṣe tiwa wá sọ bí ó ṣe rí. Tèmi, àjọ ni mo gbà jẹun. Èmi ni Ìyá Alájọ tí wọ́n mọ̀ ní Ajah, láti ìgbà tí Ajah jẹ́ kìkì iyanrìn àti igi àgbọn, títí di ìsinsìnyí tí ẹni tó bá fẹ́ sọdá títì ní láti kọ́kọ́ gbàdúrà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀: alájọ ni ẹni tó ń lọ láti ilé dé ilé láràárọ̀, tó ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, tó sì ń kó o fún wọn lódidi tí oṣù bá parí, tàbí nígbà tí owó ohun tí wọ́n ń wá bá pé. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni ti alájọ. Owó iṣẹ́ wa nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀, torí kì í ṣe òun ló mú mi pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Nígbà yẹn, kò sí báǹkì kankan ní gbogbo ìhà ibí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni báǹkì wà. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ á wọ aṣọ tó dáa jù, á wọ ọkọ̀ ojú omi, tó bá débẹ̀ tán, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á wá bi í pé kí ló wá wá. Ìyá tó ń yan ẹja, tí èéfín ti wọ aṣọ rẹ̀ lára, ta ni yóò jẹ́ kó wọlé? Àwa ni báǹkì irú wọn. Báǹkì tó ń fẹsẹ̀ rìn wá bá ọ nílé.

Ọ̀gá mi ni Ìyá Ràmọ́. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í pariwo. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, àwọn tí kì í pariwo ló máa ń le jù. Àwa méjì la ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi àti Síkírà. Ó pẹ́ gan-an tí a fi ń tẹ̀ lé e kiri tí a ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Kíkí la ń kí ènìyàn. A bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ aránṣọ tó wà lẹ́bàá ilé wa, a lọ sọ́dọ̀ alápatà, a lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, a ń bá a bọ̀ títí dé etí ọ̀sà lọ́nà Badore, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Ẹ kú àárọ̀ o, ṣé ara le, àwọn ọmọ ńkọ́. Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ kan, Síkírà ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ìyá, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ gan-an?"

Ìyá Ràmọ́ ní, "Èyí tí ẹ ń ṣe yìí ńkọ́?"

"Kíkí lásán yìí?"

"Lásán, àbí? Ẹni tí kò lè kí ènìyàn lọ́jọ́ tí kò ní gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, olè ló máa jọ lọ́jọ́ tó bá wá gbà á."

Òfin rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló ń tún sọ bí ẹni ń kírun. Àkọ́kọ́, alájọ kì í fo ilé. Òjò ì báà rọ̀, omi ì báà kún, oníbàárà ì báà máa bú ọ, wàá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, wàá kí i. Ìkejì, alájọ kì í jẹ oúnjẹ oníbàárà. Wọ́n ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Àti pé ẹni tó bá rí ọ tí ò ń jẹ ẹran lẹ́nu ọ̀nà alápatà, ohun tó máa sọ ni pé owó òun ló ń jẹ yẹn. Omi nìkan ló gbà wá láyè láti mu, òun náà, lórí ìdúró.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tòlótòló.

Ilé tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà wa, ilé Ìyá Kúdí ni. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Ó ní tòlótòló kan tó burú ju ajá lọ. Kò fẹ́ràn aṣọ pupa, aṣọ pupa kan ṣoṣo ni Síkírà sì ní tó dáa. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ibà ń ṣe mí, Síkírà nìkan ló lọ kí àwọn ènìyàn. Nígbà tó dé, Ìyá Ràmọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé ilá.

"Ìyá Kúdí ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, Ìyá. Ó ní kí n kí yín."

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

Síkírà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Aṣọ... aṣọ aró ni, Ìyá."

"Áà. Aṣọ aró." Ìyá Ràmọ́ ò gbójú sókè kúrò lára ilá. "Ìyá Kúdí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú mi ńbí ni. Kò rí ẹnì kankan, ó wá béèrè bóyá a ti kú."

Bó ṣe dìde nìyẹn. Ó mú Síkírà, ó mú èmi alára-gbígbóná mọ́ ọn, ó ní kí a jọ lọ kí Ìyá Kúdí. Àṣé tòlótòló ti ń retí wa. Síkírà yí ààrò ẹja po, tòlótòló yí i po tẹ̀ lé e. Ìyá Ràmọ́ dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Kúnlẹ̀. Kí wọn dáadáa."

Síkírà kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá, yéè! Ṣé ara le, yéè! Àwọn ọmọ ńkọ́, yéè, mo gbé!"

Ìyá Kúdí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé agbọ̀n ẹja sílẹ̀. Ibà mi lọ lọ́jọ́ náà. Síkírà ò pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn ṣá. Ó lọ kọ́ irun dídì, ó sì là níbẹ̀, ó ń kọ́lé báyìí. Ṣé ìyẹn wá burú? Iṣẹ́ tí kò bá bá ọ lára mu, má fi àárẹ̀ pa ara rẹ sí i. Ṣùgbọ́n dákun, kí wọn kí o tó máa lọ.

Nígbà tí Ìyá Ràmọ́ dàgbà, ó fà mí lé àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀dọ̀ aránṣọ títí dé etí ọ̀sà. Ó yọ àpò tó rán mọ́ inú yẹ̀rì rẹ̀, àpò tó fi ń kó owó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó rán an mọ́ tèmi. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́, ó ní ìyẹn ni àdéhùn wa.

Ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Títì ńlá gbòòrò. Wọ́n ń da yanrìn sí ẹrẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé sórí rẹ̀. Àwọn bíríkìlà àti àwọn lébìrà ya wọlé láti Ọ̀ṣun, láti Ọ̀yọ́, láti Èkìtì. Lórí àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ níbi tí a ń pè ní Thomas Estate lónìí, ibẹ̀ ni mo ti ń gba àjọ. Bíríkìlà kan wà níbẹ̀, Bùrọ̀dá Mósè, ará ìjọ aláṣọ funfun. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìsìn wọn, kò ní wọ bàtà, kò ní fọwọ́ kan owó, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró de mi láti kí mi. "Ìyá Alájọ, òrùlé ilé mi ń bẹ nínú àpò yín o!" Òótọ́ sì ni. Páànù ló ń dá àjọ fún. Nígbà tó kan páànù náà tán ní ìlú rẹ̀, ó padà wá, ó jó yí mi ká lórí símẹ́ǹtì tútù, ọ̀gá rẹ̀ ń bú u.

Àárín ìgbà yẹn ni báǹkì kékeré kan ṣí sí ìtòsí wa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní báǹkì ará ìlú. Máníjà rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wá bá mi nílé. "Màmá, owó tó ń sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í bímọ. Ẹ kó o wá, kí olè má baà gbé e." Ọ̀rọ̀ olè yẹn ló wọ̀ mí létí, torí àwọn adigunjalè ń jà nígbà náà. Mo bi àwọn oníbàárà mi, wọ́n ní kí n máa kó o lọ síbẹ̀. Mo mú Ìyá Kúdí débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó jókòó sórí àga tìmùtìmù, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lára, ó ní, "Alájọ, ṣé bí ọ̀run ṣe rí nìyí?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀ṣọ́ náà bá wa rẹ́rìn-ín.

Ohun tí Ìyá Kúdí àti àwọn obìnrin rẹ̀ ń dá àjọ fún, ẹ fi sọ́kàn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ẹja wọn kọjá ọ̀sà lọ sọ́jà, tí afẹ́fẹ́ bá ṣe ségesège, ẹja á ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń da ẹja sómi padà, tí wọ́n ń sunkún. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni ìrètí wọn, owó rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo dé báǹkì, mo bá àgádágodo ńlá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn dúró yí i ká bí ẹni wá síbi òkú. Máníjà ẹlẹ́rìn-ín ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà.

Mo padà sílé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ mi, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ, gbé ilẹ̀kùn tì. Ó ní, "Ìyá Wálé, o ò ní jáde lọ́la. Wọ́n á fa aṣọ ya mọ́ ọ lára. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tútù ná."

Mo ní, "Alájọ kì í fo ilé."

Ó ní, "Ìyá Ràmọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ ti kú."

Mo ní, "Òfin ò bá a kú."

Ọjọ́ kejì, mo múra bí mo ṣe máa ń múra. Mo wọ yẹ̀rì alápò, àpò náà ṣófo. Mo kí aránṣọ. Ó bú mi, ó bú bàbá mi, ó bú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pẹ̀lú. Mo kí alápatà. Ó kàn ń pọ́n ọ̀bẹ lọ, èmi náà dúró títí ó fi pọ́n ọn tán, mo wá ní ó dàárọ̀ o. Káfíńtà bi mí pé ṣé orí mi pé. Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé mo ti sá lọ sí Kútọnu.

Nígbà tí mo rí èéfín ààrò lọ́ọ̀ọ́kán, mo dúró, mo tún gèlè mi wé. Ilé yẹn nìkan ni mo bẹ̀rù. Ibi tí mo ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń fi Síkírà rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni mo ń lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Ìyá Kúdí jókòó láàárín àwọn obìnrin rẹ̀.

"O wá?"

"Mo wá, Ìyá. Ẹ kú àárọ̀."

"Wọ́n ní o wà ní Kútọnu."

"Ẹsẹ̀ mi rèé, Ìyá."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ṣófo. Wọ́n ti báǹkì pa. Mo ń wá bí mo ṣe máa dá a padà, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ọ̀nà."

Ó wá mú ẹja kan lórí ààrò, ẹja ọ̀bọ̀kún tó ń dán fún epo, ó nà án sí mi. "Ojú rẹ ti wọnú. Jẹun."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Alájọ kì í jẹ oúnjẹ oníbàárà."

N ò mọ̀ pé ó ń dán mi wò ni. Ó gbé ẹja náà padà, ó yíjú sí àwọn obìnrin rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ebi ń pa á, kò jẹ ẹja. Ẹni tí kò jẹ ẹja wa lójú wa, ṣé òun ló máa jẹ owó wa lẹ́yìn wa?" Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ owó àjọ ọjọ́ náà, ó kì í bọ̀ mí lọ́wọ́. "Gba ti òní. Ẹ̀yin tó kù, ẹ mú tiyín wá, ẹ má wò mí bí ìgbín."

Ẹ̀yin ọmọ, n kò sunkún nígbà tí wọ́n ti báǹkì. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Bàbá mi ti fún mi ní ilẹ̀ kan ní Igbó Ẹfọ̀n, ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbẹ̀. Mo tà á. Kò tó, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, báǹkì tó tóbi jù gba báǹkì tó kú náà, wọ́n dá díẹ̀ padà fún wa, mo fi kún un. Ẹ́ńjìnnì dé. Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ náà, ó sáré débi pé gèlè mi fò bọ́ sínú ọ̀sà, mo sì ń pariwo ayọ̀ bí ọmọdé. Ilé alájà mẹ́rin ló wà lórí ilẹ̀ mi lónìí. Tí a bá gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń juwọ́ sí i. Àwọn ọmọ mi kì í rẹ́rìn-ín. Èmi máa ń rín in.

Lẹ́yìn ìyẹn, báǹkì wá pọ̀ bí olú. Ìjọba ní kí àwọn kéékèèké para pọ̀ tàbí kí wọ́n lọ, ńlá ń gbé kékeré mì. Bóòdù báǹkì kan wà lójú títì tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ lójú mi, tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ yanjú kí wọ́n tó tún yí i padà. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri dé. Fóònù dé. Wọ́n ní alájọ ti tán. Mo ní kò burú, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó máa wọ̀ dé.

Ibi tó wọ̀ dé ni ilé mi. Bísọ́lá yìí, tó kàwé nípa ìṣirò owó, ló gbé ẹ̀rọ POS wá fún mi.

"Ìyá àgbà, ẹ tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà yọ ìwé jáde bí ẹni yọ ahọ́n síni. Mo ní, "Ó ń gàn mí ni?" Bísọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. Wò ó, ó tún ń rẹ́rìn-ín báyìí. Kọ ọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jókòó tì tiwọn sábẹ́ agbòjò. Èmi, inú àpò yẹ̀rì ni mo kì í bọ̀, mo ń gbé e kiri láti ọ̀dọ̀ aránṣọ dé etí ọ̀sà. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Free Zone, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà, ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti inú yẹ̀rì mi. Nígbà tí owó bébà wá wọ́n, tí wọ́n ń ja ìjà nídìí ẹ̀rọ ògiri, ọ̀nà mi ò dí. Alápatà ní owó bébà láàárọ̀, káfíńtà ń wá a lọ́sàn-án. Èmi ń mú un láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Iṣẹ́ báǹkì náà nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Kí o mọ ẹni tó ní, kí o mọ ẹni tó ń wá, kí àwọn méjèèjì sì gbà ọ́ gbọ́.

Orúnkún mi ló wá ní ó tó. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ rin ọ̀nà yẹn mọ́. Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ lé Bísọ́lá lọ́wọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti di alájọ, n kò fo ilé kan rí, mo wá fo gbogbo wọn lọ́jọ́ kan.

Mo gbọ́ ìró bàtà. Aránṣọ ni, ọmọ aránṣọ àtijọ́. "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Alájọ, ṣé ara le?" Kò pẹ́, alápatà dé. Ó kí mi, ó béèrè orúnkún mi. Káfíńtà tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo rí ẹni kẹrin ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí mo ṣe ń tò wọ́n kí láràárọ̀ ni wọ́n ṣe ń tò wá kí mi, ẹnì kan ò fo ẹnì kan.

Ìyá Kúdí ló kẹ́yìn. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, Kúdí ọmọ rẹ̀ dì í mú, abọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Alájọ, n kò rí ẹ láàárọ̀ yìí. Mo wá béèrè bóyá o ti kú."

Ẹ̀rín pa mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ó jókòó, ó ṣí abọ́ náà. Ọ̀bọ̀kún yíyan, ó ń dán fún epo. Ó ní, "Ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. O kì í ṣe alájọ mọ́. Jẹun."

Mo wo ẹja náà. Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mo bu ú jẹ. Ẹ̀yin ọmọ, n kò ní purọ́ fún yín, ó dùn ju bí mo ṣe rò ó lọ.

Bísọ́lá na ọwọ́ sí abọ́. Èmi àti Ìyá Kúdí pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Alájọ kì í jẹ oúnjẹ oníbàárà!"

Ó fa ọwọ́ padà, ó wo èmi, ó wo ìyá náà, ó wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ. Ó ti gbé yẹ̀rì alápò mi wọ̀, ó ti ró ìró pupa lé e.

Oòrùn ti ń mú kí ó tó dé. Ìró ti ya láti ìdí dé orúnkún. Ó dúró níwájú mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n ṣì ń sin tòlótòló níbẹ̀?"